Orúkọ Tí Wọ́n Rán Mọ́ Mi Láyà

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Amẹ́ríkà ni ìdákẹ́jẹ́. Ní Èrínjẹ, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá á ti máa pariwo, ọ̀kadà á ti máa fọn fèrè, ẹnì kan á sì ti máa bínú sí ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Ní ìlú tí mo dé sí ní Mẹ́rílàndì, ilé tò lọ títí, ọkọ̀ wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbóhùn èèyàn. Mo rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, pé gbogbo wọn ti sá lọ kí n tó dé. Mo bi Bíọ́dún, ẹni tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, pé ṣé kò séwu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn.

Èmi kì í ṣe akíkanjú láti ilé wá. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí Ọlọ́run ń pín ìgboyà, oorun ni mo ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí nílé, mo mọ ibi tó ti ń wá: ejò nínú oko, òkùnkùn ọ̀nà odò, olùkọ́ tó mú pàṣán dání. Ti Amẹ́ríkà, mi ò mọ ibi tí mo lè máa wò. Bí ọlọ́pàá bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ti sọdá sí òdìkejì títì. Bí akọ̀wé bá ní kí n jókòó, mo gbà pé ó fẹ́ lọ pe ẹnì kan wá mú mi ni.

Ìdí tí ẹ̀rù náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ tí mo ń jẹ́ kì í ṣe tèmi. Mi ò ní ìwé ìgbélùú, kò sì sí ẹni tó máa gbà mí síṣẹ́ láìní in. Bíọ́dún ló bá mi wá ìwé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínrẹ̀mí. Ó ní ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tiwa ni, pé ó ti kọjá sí Kánádà, kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó kọ́ mi ní ìdílé ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní akọ́sórí ní ilé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi: ará Igbótako, ọmọ Bàbá Adéwùmí tó ń fún epo pupa tà. Mo ń kà á nínú ilé ìwẹ̀, mo ń kà á nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò mọ ẹni tó máa bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́rílàndì, ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ kíkà á.

Ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tuntun ni mo ti ríṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ ọkọ̀, tí mò ń nu dígí, tí mò ń tú ọ̀rá kúrò lára ìjókòó kí ẹni tó rà á tó wá gbé e. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì fi òwú funfun rán Akínrẹ̀mí sí àyà rẹ̀. Wọ́n á pè mí títí kí n tó rántí pé èmi ni. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa, Rọ́nì, rò pé etí mi ló di, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ mi tàánútàánú. Bó bá fẹ́ bèèrè kànìnkànìn lọ́wọ́ mi, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Ọdún náà ni jíìpù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí gbogbo èèyàn ń wá lójú méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò jẹ́ kó pọ̀. Wọ́n ń pín in fún àwọn tó ń tà á ni, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, èyí tó sì ń kan tiwa kò tó nǹkan. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n tà á wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́nì á wá tẹ bébà kékeré mìíràn, á ní kí n lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Owó lórí owó ni, láìsí ohun kan tí wọ́n fi kún ọkọ̀ náà. Ní ọjà Òkìtìpupa, ẹni tó ń tà á ló ń gòkè, ẹni tó ń rà á ló ń fà á sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ti gbà fún ara wọn, olùtajà á bu èènì sí i. Níbí, òǹrajà ló ń fún olùtajà ní èènì. Wọ́n sì ń dúpẹ́ pé àwọn rí i rà.

Bí jíìpù bá dé, Rọ́nì á fi ẹyọ kan síwájú, níbi tí iná ti ń tàn yòò. Àwọn yòókù á lọ sẹ́yìn ògiri ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, a ó sì fi aṣọ bò wọ́n. Ẹni tó bá wọlé, Rọ́nì á ní èyí tó kù nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a bo àwọn ti ẹ̀yìn, ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó wò mí. Mo mi orí mi tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn fi dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù ni mò ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á wọ ọ̀kadà láti Èrínjẹ wá sí ilé tẹlifóònù ní Òkìtìpupa, pẹ̀lú aṣọ àdúrà funfun lọ́rùn. Mo máa ń fojú inú rí i tó di ìbòrí rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ó ní, “Ọma mi. Ṣé o jẹun?”

“Mo jẹun, ìyá mi. Ara ẹ ńkọ́?”

“Ara le. Ọ̀kadà ló ti gbówó lórí. Wọ́n ní epo ò sí. Irọ́ ni. Bí o bá dé ilé epo ní Òkìtìpupa níbí, wọ́n á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ògiri. Eghó ni wọ́n ń wá.”

Eghó ni Ìkálẹ̀ ń pe owó. Mo gbádùn láti gbọ́ ọ létí mi, kódà nínú ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Wọ́n ríran sí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì ní ẹnì kan ń bọ̀ tó máa mọ̀ ẹ́. Ó ní kí o gbààwẹ̀.”

“Kó mọ̀ mí báwo? Fún ire ni àbí fún ibi?”

“Kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹni náà á mọ̀ ẹ́ ni.”

Mo gbààwẹ̀ náà, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí mi ò jẹ kò dín ẹ̀rù mi kù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá wò mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti yà sí ọ̀nà míì. Ìtùnú kan ṣoṣo tí mo rí nígbà náà ni púpurú, gbágùúdá tí wọ́n fi èéfín yan, tí ẹnì kan bá Bíọ́dún gbé wá láti ilé. A rò ó, a fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́, òórùn èéfín rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ kejì. Mi ò fẹ́ fọ ọwọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Rọ́nì ní kí n lọ lẹ bébà kékeré mọ́ jíìpù tó wà níwájú. Ọkùnrin dúdú kan dúró tì í, àgbàlagbà, ó wọ kóòtù àwọ̀ ilẹ̀, ó mú fìlà dání. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tajà. Ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí. Ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún jíìpù náà tipẹ́, Rọ́nì sì ti ṣèlérí fún un pé iye tó wà lára bébà àkọ́kọ́ lòun máa gbà. Ojú rẹ̀ báyìí ni mo ti ń lẹ ìkejì. Mo fi aṣọ nù ún kó lẹ̀ dáadáa, mo wá rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Rọ́nì ò tíì bu irú owó bẹ́ẹ̀ lé ọkọ̀ kankan rí. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

“Eghó.”

Ọkùnrin náà yí ojú kúrò lára bébà, ó wò mí. Ó wá wo àyà mi, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀wé kà dáadáa.

Ó ní, “Ọma Ìkálẹ̀ ni ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo dìde.

“Akínrẹ̀mí ibo?”

“Igbótako, sà.”

“Ta ni bàbá ẹ ní Igbótako?”

Akọ́sórí náà jáde lẹ́nu mi geere. “Bàbá Adéwùmí, sà. Ẹni tó ń fún epo.”

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí imú jíìpù náà tẹ́lẹ̀. Ó gbé e kúrò. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.” Mi ò tíì mọ ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí wòlíì wí ti dé.

Rọ́nì dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fowó kún un, pé ọkọ̀ ò tó, pé ẹyọ kan tó kù nìyí, bí ọkùnrin náà ò bá mú un, ẹlòmíràn á gbé e kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọkùnrin náà rán an létí àdéhùn wọn. Rọ́nì ní bí òun bá ní òmíràn, ṣé òun ò ní gbé e wá ni? Ọkùnrin náà bá kọjú sí mi, ó fi Ìkálẹ̀ bi mí, níṣojú ọ̀gá mi, pé ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí òmíràn.

Rọ́nì ń wò mí. Bí mo bá ní ó wà, iṣẹ́ mi tán nìyẹn. Bí mo bá ní kò sí, ẹni tó wo orúkọ àyà mi bó ṣe wò ó yẹn ni mò ń purọ́ fún.

Mo ní, “Sà, bí epo ọkọ̀ Òkìtìpupa ni.”

Ẹ̀rín yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Rọ́nì pariwo mọ́ mi pé kí ni mo sọ. Mo ní epo ọkọ̀ ti wọ́n nílé, pé ohun tí à ń sọ nìyẹn. Òótọ́ sì ni.

Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, tààrà sí ibi ògiri, Rọ́nì ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà, Rọ́nì fi èékánná ara rẹ̀ ha bébà kékeré náà kúrò. Nígbà tó yá ó pè mí kí n wá gbé omi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi pè mí, bí èèyàn ṣe ń pe èèyàn, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí ju gbogbo ariwo rẹ̀ lọ.

Bíọ́dún ń din dòdò nígbà tí mo délé. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni Akínrẹ̀mí wà ní Kánádà. Ó pa iná.

“Ta ló bi ẹ́?”

“Èmi ni mò ń bi ẹ́.”

“Má bi mí mọ́,” ló sọ. Ó gbé dòdò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo di báàgì mi sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí pé ẹnì kan á wá bèèrè mi níbi iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe pé wọ́n lè mú mi. Nílé, bí o bá dé abúlé tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ẹ́, wọn ò ní bèèrè ìwé. Wọ́n á bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Bí o bá ti dáhùn, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n máa fi ẹ́ sí, wọ́n á sì bu omi fún ẹ. Láti ìgbà tí mo ti dé Mẹ́rílàndì, kò sí ẹni tó bi mí. Ebi ìbéèrè yẹn ń pa mí, mi ò mọ̀. Nígbà tó wá dé, ìdáhùn ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu mi.

Tíṣà padà wá gbé jíìpù rẹ̀. Ọkùnrin kóòtù àwọ̀ ilẹ̀ náà ni mo ti ń pè ní Tíṣà lọ́kàn mi. Mo nà án ní kọ́kọ́rọ́. Kò gbà á. Ó ní kí n wọlé, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òórùn awọ tuntun kún inú ọkọ̀ náà.

Ó ní, “Adéwùmí ni ẹ̀gbọ́n mi. Akínrẹ̀mí tí ò ń jẹ́ yìí, èmi ni mo mú un wá sí ilẹ̀ yìí. Èmi náà ni mo sin ín.”

Ọwọ́ mi ti wà lórí ilẹ̀kùn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fojú àánú wò mí. Mi ò mọ̀ pé ó ti kú.”

“Ṣé mo ní mo fẹ́ ṣe ẹ́ ní nǹkan?” Iwájú ló ń wò. “Ìyá rẹ̀ wà ní Igbótako. A ò sọ fún un. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní kí àgbà má gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀, pé ó lè bá a lọ. A ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. A ní tẹlifóònù bàjẹ́. Irọ́ ti tán lẹ́nu wa, obìnrin náà sì ní ohùn ọmọ òun lòun fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbé e wá sí Òkìtìpupa. Ìwọ lo máa bá a sọ̀rọ̀.”

“Sà, mi ò lè ṣe é.”

“O ti ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹun. O ò tíì san án tán.”

“Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́, sà?”

Ó ronú sí i. “Mi ò mọ̀,” ló sọ. Ì bá dẹ́rù bà mí tààrà, ì bá sàn.

Mo lọ sílé Tíṣà lọ́jọ́ Àìkú náà, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù kò ju ẹyọ kan lọ: kí obìnrin náà má fi ohùn mi mọ̀ pé ọmọ òun ti kú, kó má ṣubú síbẹ̀ nínú ilé tẹlifóònù, kó má jẹ́ pé èmi ni mo pa á. Tíṣà pe nọ́ńbà náà, ó kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.” Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

“Akínrẹ̀mí?”

Ohùn náà ti gbó. Mo ń gbọ́ àwọn tó ń tò sẹ́yìn rẹ̀ ní Òkìtìpupa.

“Ìyá mi, èmi ni. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo gbọ́ tó gbé tẹlifóònù sí etí kejì.

Ó ní, “Akínrẹ̀mí kì í pè mí ní ‘ẹ’.”

Mo wá rí ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù ti lé mi bọ́ sínú Yorùbá ilé ìwé, Yorùbá tí wọ́n fi ń wàásù. Ní Ìkálẹ̀, nínú ilé wa, èèyàn kì í pe ìyá rẹ̀ ní ‘ẹ’. Ìwọ ni à ń pè é, bí a ṣe ń pe Ọlọ́run. Mo ti ń gbé tẹlifóònù náà kúrò létí.

“Dúró. Má gbé e sílẹ̀. Ṣé àbúrò ọkọ mi wà nítòsí?”

“Ó ti jáde.”

“Ó dáa. Mo mọ̀, ọma mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bí mo bá ń bọ̀ ni mo ti mọ̀. Mo lọ sunkún mi lóko, mo padà wálé, mo bèèrè oúnjẹ. Wọ́n ti ṣe wàhálà tó báyìí láti pa á mọ́ fún mi, kí n wá sọ pé mo mọ̀ kí ojú lè tì wọ́n? Má sọ fún un.”

“Mi ò ní sọ.”

“Sọ fún un pé inú mi dùn. Sọ pé mo rẹ́rìn-ín.” Ó mí kanlẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ọma ta ni ẹ́?”

Mo sọ orúkọ bàbá mi. Mo sọ ti ìyá mi, mo júwe ilé wa ní Èrínjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun mọ ibẹ̀, òun máa ń gba ibẹ̀ kọjá bí òun bá ń lọ ra gbágùúdá. Omi ń dà lójú mi, mi ò nù ún.

Ó ní, “Orúkọ wo ni wọ́n sọ ẹ́?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, mo sì jẹ́ ẹ.